Òbírípo Mẹ́ta Lára Ògiri: Ìṣirò Àwọn Ará Japan Tí Ẹ Lè Gbé Kọ́ Sínú Yàrá Yín

Lónìí, ọ̀rọ̀ àwòrán ara ògiri la fẹ́ sọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ti máa sọ pé, "Ṣé sáyẹ́ǹsì kọ́ là ń ṣe níbí ni?" Ẹ fara balẹ̀. Sáyẹ́ǹsì náà ni. Kódà, ìṣirò gidi ni.

Bí ẹ bá ti wá nǹkan tí ẹ lè fi ṣe yàrá lọ́ṣọ̀ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì rí, ẹ ó ti rí irú àwòrán tí mò ń sọ. Òbírípo pupa ńlá kan, òmíràn tó dúdú bí aró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kékeré kan láàrin àwọn méjèèjì, ìlà gbọọrọ kan nísàlẹ̀, gbogbo ibi tó kù sì ṣófo. Kò sí ènìyàn níbẹ̀, kò sí ẹranko, kò sí igi. Wọ́n á wá kọ ọ́ pé ọnà àwọn ará Japan ni wọ́n wò ṣe é. Ó máa ń tu ojú lára, ó máa ń jẹ́ kí yàrá dà bí ibi tí ọkàn ti lè balẹ̀. Owó rẹ̀ nìkan ni kì í jẹ́ kí ọkàn balẹ̀.

Èmi náà fẹ́ ọ̀kan. Nígbà tí mo rí iye tí wọ́n ń tà á, mo ní, "Nítorí òbírípo mẹ́ta? Èmi tí mò ń kàwé gba oyè másítà nínú sáyẹ́ǹsì, ṣé n kò lè ya òbírípo mẹ́ta ni?" Mo ra ọ̀dà, mo ní kí káfíńtà gé pákó fún mi, mo mú okùn, ìṣó àti ṣọ́ọ̀kì, ó di iṣẹ́.

Ẹ̀yin ará, ojú tì mí lọ́jọ́ náà.

Èyí tó tóbi jù kò yọ mí lẹ́nu. Èyí tó tẹ̀ lé e náà dára: ó dúró lórí ìlà, ó sì fara kan ti ńlá. Wàhálà wà lọ́dọ̀ èyí tó kéré jù. Mo fẹ́ kó wọ inú àlàfo tó wà láàrin àwọn méjèèjì àti ìlà ìsàlẹ̀, kó sì fara kan gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fojú wọ̀n ọ́n, mo ní kí n lo ìdajì èyí àárín. Ó tóbi jù, ó gun orí àwọn tó kù. Mo dín in kù. Ó wá kéré jù, ó kàn wà níbẹ̀ bí ẹyin tó sá kúrò nínú ìtẹ́. Mo nù ún, mo tún un yà, mo tún nù ún. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, pákó ti rí bíi pátákó kíláàsì tí wọn kò fọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù.

Àbúrò mi kan tó wá lo họlidé lọ́dọ̀ mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wò mí. SS2 ló wà. Ó ní, "Àǹtí, ṣé kò sí ìṣirò tó lè sọ fún yín bí èyí kékeré yẹn ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó ni?"

N kò lè dáhùn. Ohun tó sì jẹ́ kó dùn mí ni pé ọmọ yìí kan náà ló máa ń sọ pé, "Ìṣirò kì í ṣe tèmi." Táàmù méjì ló fi gba àmì tí kò dára tẹ̀ léra wọn. Ẹnì kan ti sọ fún un pé orí rẹ̀ kò gba ìṣirò, òun náà sì ti gbà bẹ́ẹ̀. Òun ló wá bi mí ní ìbéèrè tó yẹ kí n ti bi ara mi kí n tó fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì.

Ìṣirò náà wà. Ohun tó sì wú mi lórí nígbà tí mo wá a kàn ni pé ara ògiri ni àwọn ará Japan gbé e kọ́ sí láti nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí àwòrán.

Sangaku: àlọ́ tí wọ́n gbé kọ́

Ìgbà kan wà nínú ìtàn Japan tí wọ́n ń pè ní ìgbà Edo, láti 1603 sí 1867. Láti àwọn ọdún 1630 lọ, ìjọba wọn ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀pọ̀ àjèjì. Nínú gbogbo àwọn ará Yúróòpù, àwọn Dutch nìkan ni wọ́n fún láyè láti máa ṣòwò, ní ìlú Nagasaki. Nítorí náà, ìṣirò tí wọ́n ń ṣe ní Yúróòpù nígbà náà kò fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n wọn kò jókòó lásán. Wọ́n mú ohun tí wọ́n ti kọ́ láti inú ìwé àwọn ará Ṣáínà, wọ́n sì kọ́ ìmọ̀ ìṣirò tiwọn lé e lórí. Wasan ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ìṣirò ilẹ̀ Japan.

Àṣà kan wá jẹ yọ láàrin wọn. Bí ènìyàn bá yanjú ìṣòro kan tó le nípa òbírípo, onígun mẹ́ta tàbí bọ́ọ̀lù, ó lè ya á sórí pákó, kó kùn ún ní ọ̀dà, kó kọ ìbéèrè àti ìdáhùn sí i, kó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, kó sì gbé e kọ́ sí ojúbọ Shinto tàbí tẹ́ḿpìlì àwọn ẹlẹ́sìn Buddha, lábẹ́ òrùlé, níbi tí gbogbo èrò ti máa rí i. Pákó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní sangaku. "San" ni ìṣirò, "gaku" sì ni pákó àwòrán tí a gbé kọ́.

Kí ló dé tó jẹ́ ojúbọ? Láyé àtijọ́, àwọn kan máa ń fi ẹṣin ta òrìṣà lọ́rẹ. Ẹṣin kì í ṣe nǹkan tí gbogbo ènìyàn lè rà, nítorí náà àwọn tí kò lówó ẹṣin máa ń ya ẹṣin sórí pákó, wọ́n á sì gbé ìyẹn lọ. Ema ni orúkọ irú pákó bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣì ń lò ó títí dòní. Sangaku jẹ́ ọmọ ìyá ema. Dípò ẹṣin, ẹni náà gbé ìmọ̀ rẹ̀ wá. Ó ń dúpẹ́ pé ojú òun là sí ọ̀rọ̀ náà. Kí n má parọ́ fún yín, ó tún ń yangàn díẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìgbà, pákó náà kì í ṣàlàyé gbogbo ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ìdáhùn. Àwòrán wà, ìbéèrè wà, ìdáhùn wà, ó kù sọ́wọ́ ẹ. Ẹ wò ó bí àlọ́ àpamọ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá ń kọjá. Bí o bá gbọ́n, wá sọ bó ṣe jẹ́.

Èyí tó pẹ́ jù nínú àwọn tó ṣì wà ni wọ́n ṣe ní 1683, ní agbègbè Tochigi. Nǹkan bí 900 ló ṣẹ́ kù káàkiri Japan lónìí. Kì í ṣe àwọn ọ̀mọ̀wé ńlá nìkan ló ṣe wọ́n o. Orúkọ àwọn ológun samurai wà lára wọn, ti àwọn oníṣòwò àti àgbẹ̀ wà níbẹ̀, ti àwọn obìnrin àti àwọn ọmọdé sì wà lára àwọn kan. Nígbà tí mo ka ibi yìí sókè, àbúrò mi ní, "Ọmọdé náà?" Mo ní, "Àwọn ọmọdé náà."

Ẹ má sì rò pé ìṣirò kékeré ni. Ní 1822, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Irisawa Shintarō Hiroatsu gbé sangaku kan kọ́ sí ojúbọ Samukawa ní Kanagawa. Ó dá lórí bọ́ọ̀lù mẹ́fà tó so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ yí àwọn bọ́ọ̀lù mìíràn ká. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ní àwọn ọdún 1930, kí Frederick Soddy, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Bìrìtìkó tó gba ẹ̀bùn Nobel ti 1921, tó tẹ irú nǹkan kan náà jáde ní Yúróòpù. Orúkọ Soddy ni wọ́n fi ń pè é títí di òní.

Ní 1872, ìjọba tuntun tó gorí oyè ní Japan ṣe òfin ẹ̀kọ́ tuntun, wọ́n sì ní ìṣirò ti ìwọ̀-oòrùn ni kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé. Díẹ̀díẹ̀, wasan dákẹ́. Àwọn pákó kan jóná, òjò àti kòkòrò ba àwọn mìíràn jẹ́. Lára àwọn tó jẹ́ kí ayé tún gbọ́ nípa wọn ni Fukagawa Hidetoshi, tíṣà ilé ìwé gíga kan ní Japan, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wá wọn kiri, tó sì bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìwé nípa wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Lára àwọn sangaku náà, ọ̀kan wà láti agbègbè Gunma, ti ọdún 1824. Ìbéèrè rẹ̀ rèé: òbírípo méjì dúró lórí ìlà kan, wọ́n fara kan ara wọn. Òbírípo kékeré kan wà nínú àlàfo tó wà láàrin wọn, ó fara kan àwọn méjèèjì àti ìlà náà. Bí a bá mọ bí àwọn ńlá méjì ṣe tóbi tó, báwo ni kékeré ṣe tóbi tó?

Wàhálà mi gan-an nìyẹn! Ọ̀rọ̀ tó gba odindi ìrọ̀lẹ́ mi, ó ti wà lára ògiri láti 1824.

Ẹ jẹ́ ká yanjú rẹ̀

Ẹ mú bébà àti bírò. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ nílò ni òfin Pythagoras, èyí tí wọ́n ti kọ́ yín láti JSS. Bí onígun mẹ́ta bá ní igun kan tó dúró ṣánṣán bí igun ìwé, tí ẹ bá sọ ìlà tó gùn jù di púpọ̀ lọ́nà ara rẹ̀, iye tí ẹ máa rí bá àpapọ̀ ti àwọn méjì tó kù mu. Àwọn ará Japan náà mọ òfin yìí, wọ́n kọ́ ọ láti inú ìwé Ṣáínà.

Ọ̀rọ̀ méjì la máa lò. Rédíọ́sì ni ìwọ̀n láti ààrin òbírípo dé etí rẹ̀. Gbòǹgbò nọ́ḿbà kan, tí àmì rẹ̀ jẹ́ √, ni nọ́ḿbà tí a sọ di púpọ̀ lọ́nà ara rẹ̀ tó fi bí i. Gbòǹgbò 36 ni 6, nítorí 6 lọ́nà 6 jẹ́ 36. Ó parí.

Ìgbésẹ̀ kìíní. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbàgbé kékeré, ká wo àwọn méjì tó tóbi. Ká ní rédíọ́sì ti ńlá jẹ́ 36 sẹ̀ǹtímítà, ti àárín jẹ́ 9. Àwọn méjèèjì dúró lórí ìlà, nítorí náà ààrin ti ńlá fi 36 ga sókè ìlà, ààrin èkejì fi 9 ga. Ìyàtọ̀ gíga wọn jẹ́ 27. Níwọ̀n bí wọ́n ti fara kan ara wọn, ìlà tó lọ tààrà láti ààrin kan dé ààrin kejì jẹ́ 36 àti 9, ìyẹn 45. Ẹ ti rí onígun mẹ́ta wa báyìí: ìlà tó dagun jẹ́ 45, èyí tó dúró jẹ́ 27, a sì ń wá èyí tó dùbúlẹ̀.

45 lọ́nà 45 jẹ́ 2025. 27 lọ́nà 27 jẹ́ 729. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ó ku 1296. Gbòǹgbò 1296 jẹ́ 36. Nítorí náà, láti ibi tí òbírípo ńlá ti fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ dé ibi tí èkejì ti fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 36 ni.

Bí ẹ bá lo lẹ́tà dípò nọ́ḿbà, tí rédíọ́sì kan jẹ́ a, tí èkejì jẹ́ b, ohun tí ẹ máa rí ni pé:

(a + b)² − (a − b)² = 4ab

Èyí ni pé ìwọ̀n tó wà láàrin ẹsẹ̀ méjèèjì máa ń jẹ́ 2√(ab). Òbírípo èyíkéyìí tó bá dúró lórí ilẹ̀ kan náà, tó sì fara kan ẹnìkejì rẹ̀, òfin yìí ló ń tẹ̀ lé.

Ìgbésẹ̀ kejì. Ẹ wá mú kékeré wọlé. Ẹ pe rédíọ́sì rẹ̀ ní k. Ó fara kan ńlá, nítorí náà ẹsẹ̀ rẹ̀ fi 2√(ak) jìnnà sí ti ńlá. Ó fara kan àárín, nítorí náà ó fi 2√(bk) jìnnà sí ti àárín. Àárín àwọn méjèèjì ló sì dúró sí. Ẹ wo ó bí ẹni tó ń rìn láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ tó dúró ní Fìdítì: ìrìn apá kìíní àti apá kejì gbọ́dọ̀ jẹ́ odindi ìrìn náà. Nítorí náà:

2√(ab) = 2√(ak) + 2√(bk)

Ẹ fi 2√(abk) pín gbogbo rẹ̀, ó ku:

1/√k = 1/√a + 1/√b

Ìdáhùn sangaku Gunma nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ḿbà wa sí i. Gbòǹgbò 36 jẹ́ 6, gbòǹgbò 9 jẹ́ 3. Ìdá kan nínú 6 àti ìdá kan nínú 3, àpapọ̀ wọn jẹ́ ìdajì. Nítorí náà gbòǹgbò k jẹ́ 2, k fúnra rẹ̀ sì jẹ́ 4.

Sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin géérégé! Èmi ti lo 4.5, ó tóbi jù. Mo ti lo 3.5, ó kéré jù. Ìdajì sẹ̀ǹtímítà péré ni mo fi ṣìnà lápá méjèèjì, ojú sì rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ohun tó ń jẹ́ kí irú àwòrán yìí tu ojú lára gan-an nìyí. Kò sí ewé tàbí òdòdó tó máa bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Bí òbírípo bá fara kan òbírípo, ojú á sinmi. Bí àlàfo bá kù síbẹ̀, ojú kò ní yé padà síbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń wò ó kò mọ ohun tó ń dùn ún.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: ní 1643, Descartes, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti kọ lẹ́tà sí Ọmọ-ọba-bìnrin Elisabeth ti Bohemia nípa òbírípo mẹ́rin tó fara kan ara wọn. Ìṣòro Gunma jẹ́ apá kan lára tiẹ̀, níbi tí ọ̀kan nínú àwọn òbírípo mẹ́rin náà ti tóbi débi pé etí rẹ̀ ti di ìlà tó tọ́. Ọ̀nà méjì, ilẹ̀ méjì, òtítọ́ kan. Ìṣirò kò ní ìlú abínibí.

Ohun tí àbúrò mi rí

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún un: 36, 9, 4. Ó tẹjú mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Àǹtí, 36 yìí ló ń di kékeré. Ẹ fi 4 pín in, ó di 9. Ẹ fi 9 pín in, ó di 4."

Mo ní, "Ó dáa. 4 àti 9, kí ni wọ́n?"

Ó ní, "2 lọ́nà 2. 3 lọ́nà 3." Ó wá dákẹ́. "Èyí ńlá á jẹ́ 1 lọ́nà 1 nìyẹn. 1, 2, 3. Ṣé torí pé 1 àti 2 jẹ́ 3 ni?"

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, inú mi dùn débi pé mo fọwọ́ gbá tábìlì. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni! Bí rédíọ́sì bá jẹ́ 36 tí a fi n² pín, 1/√ rẹ̀ máa ń jẹ́ n/6. Òfin Gunma kàn ń sọ pé kí a ro n ti àwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ̀ ni. Gbogbo gbòǹgbò tó ń dẹ́rù bani yẹn, ó ti di 1 + 2 = 3.

Ó wá túmọ̀ sí pé a lè máa bá a lọ. Àlàfo kan ṣì wà láàrin ńlá àti kékeré: 1 + 3 = 4, nítorí náà òbírípo tó máa wọ ibẹ̀ jẹ́ 36 tí a fi 16 pín, ìyẹn 2.25. Òmíràn wà láàrin àárín àti kékeré: 2 + 3 = 5, 36 tí a fi 25 pín jẹ́ 1.44. Láàrin 3 àti 5, ó máa kan 8. Ẹ ka àwọn nọ́ḿbà yẹn: 1, 2, 3, 5, 8. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ti mọ̀ wọ́n. Àwọn nọ́ḿbà Fibonacci ni, ọmọ ilẹ̀ Ítálì tó kọ nípa wọn nínú ìwé rẹ̀ ní 1202. Inú àlàfo tó wà láàrin òbírípo méjì ni wọ́n sá pamọ́ sí.

Àbúrò mi ṣírò 2.25 fúnra rẹ̀. N kò ràn án lọ́wọ́. Ọmọ tí wọ́n ní orí rẹ̀ kò gba ìṣirò.

Bí ẹ ṣe máa ṣe tiyín

Ẹ ní kí káfíńtà gé pílaíwúùdù fún yín, kó fẹ̀ tó 100 sẹ̀ǹtímítà, kó ga tó 90. Ẹ fi ọ̀dà funfun kùn ún, kó gbẹ dáadáa. Lẹ́yìn náà:

1. Ẹ fa ìlà kan tó tọ́ láti etí dé etí, kó fi 8 sẹ̀ǹtímítà ga sí etí ìsàlẹ̀. Ilẹ̀ tí àwọn òbírípo máa dúró lé nìyẹn.

2. Ẹ wọn 45 sẹ̀ǹtímítà láti etí òsì lórí ìlà náà, ẹ fi àmì A síbẹ̀. Ẹ wọn 24 láti A sí apá ọ̀tún, ẹ fi K síbẹ̀. Ẹ wọn 36 láti A, ẹ fi B síbẹ̀. (Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: láti K dé B gbọ́dọ̀ jẹ́ 12.)

3. Láti A, ẹ lọ sókè tààrà 36. Láti B, 9. Láti K, 4. Àwọn ààrin òbírípo yín nìyẹn. Ó gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán lórí ìlà o. Bí ẹ kò bá ní ohun èlò, ẹ lo ọgbọ́n àwọn káfíńtà: ẹ wọn 30 lórí ìlà, 40 sókè. Bí ìwọ̀n láti orí kan dé èkejì bá jẹ́ 50, ó ti ṣánṣán. Pythagoras náà tún ni.

4. Ẹ má lo okùn. Okùn máa ń nà, òun náà wà lára ohun tó dà mí láàmú. Ẹ gé páálí tó le bíi rúlà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ lu ihò kan fún ìṣó, ẹ lu àwọn ihò mìíràn fún pẹ́ńsù ní 4, 9 àti 36 sí ti ìṣó. Ẹ yí i po.

5. Ẹ kun òbírípo kan, kó gbẹ, kí ẹ tó kun èkejì. Èmi lo pupa fún ńlá, aró fún àárín, dúdú fún kékeré. Ẹ fi gbogbo ibi tó kù sílẹ̀ ní funfun. Àwọn ará Japan ní ọ̀rọ̀ kan, "ma", tó túmọ̀ sí àlàfo tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ láàrin nǹkan. Ara àwòrán ni àlàfo náà. Ẹ má jẹ́ kí ọwọ́ máa yún yín láti fi nǹkan kún un.

Bí ẹ kò bá ní pákó, ẹ fi 4 pín gbogbo ìwọ̀n wọ̀nyẹn: rédíọ́sì 9, 2.25 àti 1, K ní 6, B ní 9. Ó máa wọ bébà A4 tó dùbúlẹ̀. Ẹ lè fi férémù sí i.

Bí ẹ bá sì fẹ́ fi òbírípo kẹrin àti ìkarùn-ún kún un, 2.25 àti 1.44 yẹn, n kò ní sọ ibi tí ẹsẹ̀ wọn máa wà. Ẹ ní 2√(ab) lọ́wọ́. Ẹ wá a. Ẹ kọ ìdáhùn yín sí ìsàlẹ̀ níbí, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbà á, a máa kan sáárá sí i.

Kí n tó lọ

Àwòrán náà ti wà lára ògiri mi báyìí. Àwọn ọ̀rẹ́ tó bá wọlé máa ń béèrè ibi tí mo ti rà á. Dípò kí n dáhùn, èmi náà á bi wọ́n pé, "Bí èyí bá jẹ́ 36, tí èyí jẹ́ 9, èló ni èyí kékeré yìí?" Àwọn kan á rẹ́rìn-ín kọjá. Àwọn kan á jókòó, wọ́n á ní kí n fún àwọn ní bírò. Iṣẹ́ tí sangaku ń ṣe ní 1824 nìyẹn, òun náà ló ń ṣe nínú yàrá mi.

Nísàlẹ̀ pákó náà, lápá ọ̀tún, a kọ ìbéèrè àti ìdáhùn ní lẹ́tà wẹ́wẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. A fi orúkọ sí i pẹ̀lú. Orúkọ méjì ni, tèmi àti ti àbúrò mi. Tiẹ̀ ni mo ní kó kọ́kọ́ kọ, nítorí òun ló béèrè. N kò mọ iye tó máa gbà ní táàmù tó ń bọ̀ o, n kò sì fẹ́ parọ́ fún yín pé àwòrán kan yí gbogbo nǹkan padà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tó ń lọ sílé, ó ya A4 tiẹ̀, ó sì gbé e lọ. Ó ní ògiri tó dojú kọ bẹ́ẹ̀dì òun lòun máa gbé e kọ́ sí.

Ẹ̀yin náà tí wọ́n ti sọ fún pé ìṣirò kì í ṣe tiyín, ẹ ya òbírípo mẹ́ta. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ó dìgbà kan ná.